Àpò Kan Náà: Àìṣègbè àti Ohun Tí Wọ́n Fò nínú Ìtàn Ìgbésí-Ayé Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀

Ní Ọjà Ọba, ní Adó-Èkìtì, ojú àwọn aṣáájú mẹ́ta ni ó ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn láti àárọ̀ di alẹ́. Ahmadu Bello, Sàdáúnà Sókótó, wà lórí igba náírà. Nnamdi Azikiwe wà lórí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sì ti wà lórí ọgọ́rùn-ún náírà láti ọdún 1999. Aláta tó ń gba owó kò bi ojú wọ̀nyí léèrè ohunkóhun, oníbàárà tó ń san án kò sì bi wọ́n. Lára owó, aṣáájú kì í ní ju ojú àti orúkọ lọ. Inú ìwé ni àwọn ènìyàn ti ń retí ìyókù: ọ̀nà tó gbà, àwọn tó bá a rìn, àwọn tó bá jà, àti àwọn tó san owó ìrìn-àjò náà. Ìṣòro tí àpilẹ̀kọ yìí gbé yẹ̀ wò ni pé púpọ̀ nínú àwọn ìwé tí wọ́n kọ lórí ìgbésí-ayé Awólọ́wọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju owó bébà yẹn lọ. Àwòrán ojú náà kàn tóbi sí i nínú wọn ni.

Ó yẹ kí ìtumọ̀ àìṣègbè kọ́kọ́ yé ni. Ilé ẹjọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ẹni tó ṣègbè ni ẹni tó gbè sẹ́yìn ẹnì kan kí ẹnì kejì tó rojọ́ tán. Adájọ́ tí kò ṣègbè kì í ṣe ẹni tí kò ní èrò. Ó kúkú ń dá ẹjọ́ níkẹyìn, ẹnì kan a sì jẹ̀bi. Ohun tó sọ ọ́ di aláìṣègbè ni pé tọ̀tún tòsì ló rojọ́ níwájú rẹ̀. Ìtumọ̀ yìí wúlò fún ìtàn ìgbésí-ayé ju èyí tó gbòde lọ, èyí tó ní kí òǹkọ̀wé fi ìyìn díẹ̀ pọ̀ mọ́ ẹ̀gàn díẹ̀ kí ó lè dà bíi pé ó dúró láàárín. Ìwé lè kún fún ìyìn kí ó má sì ṣègbè. Òmíràn lè pín ìyìn àti ẹ̀gàn lọ́gbọọgba, síbẹ̀ kí ó má pe ẹlẹ́rìí tó ṣe pàtàkì jù lọ.

Èyí kì í ṣe àṣà àjèjì nílẹ̀ Yorùbá. Ààfin Ewì kò jìnnà sí Ọjà Ọba. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ìlú Adó sọ pé nígbà tí Awámarò, tí í ṣe Ewì àkọ́kọ́ níbẹ̀, dé, ó bá Ẹlẹ́sùn àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Ìlésùn, ó sì ṣẹ́gun wọn. Ìtàn ìtẹ̀dó ni, ìran aṣẹ́gun ló sì wà lórí ìtẹ́. Síbẹ̀ orúkọ ẹni tí wọ́n ṣẹ́gun kò parẹ́ nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́ kò yọ Aólẹ̀ kúrò nínú iye àwọn Aláàfin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọba tí àwọn ìjòyè rẹ̀ kọ̀ ni, tó sì fi orílẹ̀-èdè rẹ̀ gégùn-ún. Samuel Johnson gbọ́ ìtàn náà, ó sì kọ ọ́ sínú The History of the Yorubas, ìwé tó parí ní 1897 tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 1921. Oríkì pàápàá, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìyìn lásán ni, máa ń gbé gbèsè, ìjà orogún, àbùkù ara àti ìṣubú lójú ogun wọ àárín ìyìn, ọmọ tí wọ́n ń kì a sì máa mi orí sí i. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé nígbà tí ìtàn ẹni ńlá bọ́ sínú ìwé títẹ̀, pàápàá ìwé tí ẹbí tàbí ẹgbẹ́ òṣèlú ń náwó sí, àyè tí oríkì máa ń fi sílẹ̀ fún àbùkù di títì pa.

Ìwé tí àwọn yòókù jọ ń bu omi nínú rẹ̀ ni èyí tí Awólọ́wọ̀ kọ fúnra rẹ̀. Cambridge University Press ló tẹ Awo jáde ní 1960. Àkókò náà ṣe kókó. Kwame Nkrumah ti Gánà ti gbé tirẹ̀ jáde ní 1957, ọdún tí orílẹ̀-èdè rẹ̀ gba òmìnira; Sàdáúnà gbé My Life jáde ní 1962. Ìwé àwọn tó ń wá ipò tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ipò ni gbogbo wọn. Síbẹ̀, ẹni tó bá ka Awo yóò rí i pé òǹkọ̀wé náà kò bo ara rẹ̀ tó bí àwọn tó kọ̀wé nípa rẹ̀ lẹ́yìn náà ṣe bò ó. Ó sọ bí òwò rẹ̀ ṣe fọ́ ní àwọn ọdún 1930, bí gbèsè ṣe wọ̀ ọ́ lọ́rùn, àti bí ó ṣe di ẹdun arinlẹ̀ fún ìgbà kan. Ọ̀rọ̀ òwò yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Awólọ́wọ̀ ra irè oko, ó sì jẹ́ akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò irè oko ní Nàìjíríà. Ó mọ ohun tí òṣùwọ̀n kòkó ń ṣe fún àgbẹ̀ àti ohun tó ń ṣe sí i.

Ṣùgbọ́n ìwé náà parí kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Ìpàdé ẹgbẹ́ Action Group ní Jos ní oṣù Èrèlé 1962, rògbòdìyàn inú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Ìbàdàn ní oṣù Ẹ̀bìbí ọdún kan náà, ìgbìmọ̀ olùṣèwádìí Coker, ẹjọ́ ìdìtẹ̀, ọgbà ẹ̀wọ̀n Kàlàbá, ogun abẹ́lé, ìdìbò 1979 àti ti 1983: kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè wà nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní 1960. Kàlẹ́ńdà ló fà á, kì í ṣe ẹ̀tàn. Ẹ̀tàn bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àwọn òǹkọ̀wé ẹ̀yìn-ọ̀la mú ìlànà ìwé náà, tí wọ́n fi ojú-ìwé igba sọ̀rọ̀ lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú 1960, tí wọ́n sì fi ogún péré sáré kọjá ìyókù.

Orí tó dùn jù nínú gbogbo ìwé wọ̀nyí ni ti ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1955, ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ṣí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ọmọ láìgba owó ilé-ìwé. Iye akẹ́kọ̀ọ́ fò láti nǹkan bí 457,000 ní 1954 dé ohun tó lé ní 800,000 ní 1955. Ní Èkìtì, níbi tí iye ọ̀jọ̀gbọ́n inú ẹbí ti jẹ́ ohun ìyangàn, kò sí agbo ilé tí kò ní ẹni tó gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé. Ẹni tó bá sọ pé iṣẹ́ náà kò tóbi kò mọ ohun tó ń sọ.

Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ jẹ mọ́ gírámà. Nínú àwọn ìwé náà, ẹyọ olùwà kan ni ó ń ṣe gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe: Awólọ́wọ̀ ronú, Awólọ́wọ̀ gbèrò, Awólọ́wọ̀ kọ́, Awólọ́wọ̀ fún wa. Adékúnlé Ajáṣin ará Ọ̀wọ̀ ló kọ ìwé èrò lórí ẹ̀kọ́ tí ẹgbẹ́ náà fi ṣe ìlànà. Nínú ọ̀pọ̀ ìtàn, wọn kì í dárúkọ rẹ̀ títí di ìgbà tó di gómìnà ní 1979. Stephen Olúwọlé Awókọ́yà ni mínísítà ètò ẹ̀kọ́ tó gbé àbá náà ka iwájú ilé ìgbìmọ̀ ní 1952, tó sì ṣe ìṣirò iye olùkọ́ àti iye yàrá tí wọn yóò nílò. Òun náà ti di orúkọ tí wọ́n ń sáré pè kọjá. Àwọn ìjọ ti ń kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ tipẹ́. Ní Adó fúnra rẹ̀, Christ's School ti wà láti 1933. Àwọn olùkọ́ tí wọ́n gba ẹ̀kọ́ kánmọ́kánmọ́, tí wọ́n wá dojú kọ kíláàsì tó kún fọ́fọ́, kò ní orúkọ rárá.

Àwọn tó san owó náà ńkọ́? Ìjọba gbé owó àkànṣe fún ẹ̀kọ́ àti ìlera lé àwọn ènìyàn lórí kí ètò náà tó bẹ̀rẹ̀, inú ọ̀pọ̀ kò sì dùn. Nígbà tí ìdìbò àpapọ̀ 1954 dé, NCNC ló jẹ àga púpọ̀ jù ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, lójú Action Group tó ń ṣèjọba ibẹ̀. Ìwé tó fo ìdìbò yìí kò ran Awólọ́wọ̀ lọ́wọ́ rárá. Ìgboyà tó ní láti máa bá ètò náà lọ lẹ́yìn tí àwọn olùdìbò ti fi ìbínú wọn hàn ni apá tó lágbára jù nínú ìtàn náà, olólùfẹ́ rẹ̀ sì ti gbé e sọnù nítorí pé ó ní ìjákulẹ̀ nínú.

Èyí tó tóbi jù nínú owó náà kò sì wá láti owó orí. Kòkó ni. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá bọ́ọ̀dù tó ń ta kòkó sílẹ̀, ní 1947. Ní 1954, ẹkùn kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀, Máàkẹ́tìn Bọ́ọ̀dù ti Ìwọ̀-Oòrùn sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí ó ṣe ń ṣe é nìyí. Bọ́ọ̀dù a kéde iye kan kí àkókò ìkórè tó wọlé. Àgbẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́ tàbí ní Ìjerò a ru kòkó rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ agbàkòkó tó ní ìwé àṣẹ, wọ́n a wọ̀n ọ́n, wọ́n a san iye tí bọ́ọ̀dù kéde. Bọ́ọ̀dù a wá tà á sókè òkun ní iye tí ọjà àgbáyé bá ń san, èyí tó ga púpọ̀ ju ti àgbẹ̀ lọ ní àwọn ọdún tí kòkó gbówó lórí. Ìyàtọ̀ náà ni wọ́n ń tọ́jú. Àlàyé tí wọ́n ṣe fún àgbẹ̀ ni pé bí ọjà bá já wálẹ̀ lọ́la, owó yẹn ni wọn yóò fi gbé e ró. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí owó ìtọ́jú náà fi di owó ìdàgbàsókè: ilé-ẹ̀kọ́, ọ̀nà, ilé iṣẹ́, ilé alájà gíga. Àgbẹ̀ san owó orí lójú mọ́mọ́, ó sì tún san òmíràn tí kò rí, lórí òṣùwọ̀n.

Ibi tí ọ̀rọ̀ àìṣègbè ti le jù nìyí, nítorí pé inú àpò yìí kan náà ni orí ìyìn àti orí ẹ̀gàn ti jáde. Ní 1962, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde ìjọba pàjáwìrì ní Ìwọ̀-Oòrùn, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ olùṣèwádìí kalẹ̀ lábẹ́ Adájọ́ G. B. A. Coker láti yẹ àwọn iléeṣẹ́ ìjọba ẹkùn náà wò. Ìgbìmọ̀ náà rí i pé owó Máàkẹ́tìn Bọ́ọ̀dù gba ọwọ́ iléeṣẹ́ National Investment and Properties dé ọ̀dọ̀ Action Group. Ó di ẹ̀bi lé Awólọ́wọ̀ lórí, ó sì dá Ládòkè Akíntọ́lá sílẹ̀. Àwọn olólùfẹ́ Awólọ́wọ̀ a fi gbólóhùn kan pa á tì: wọ́n ní ọ̀tá ló gbé ìgbìmọ̀ náà kalẹ̀. Àwọn alátakò a gbé àbájáde náà bí ẹni gbé ìwé mímọ́, wọn a sì gbàgbé ilé-ẹ̀kọ́. Bí àwọn kan ṣe dá ẹni méjì tó jọ wà nínú ìjọba kan náà sí ọ̀tọ̀, tí ọ̀kan funfun nini tí èkejì sì dúdú bí èédú, yẹ kó mú òǹkàwé fura, bí ó ti wù kí àkọsílẹ̀ owó náà rí. Ẹ̀sùn ìfura yìí kò sì sọ àkọsílẹ̀ owó di irọ́. Ọ̀ràn méjèèjì ló gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé.

Awólọ́wọ̀ nìkan kọ́ ni irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Ní 1956, ìgbìmọ̀ Foster-Sutton wádìí Azikiwe lórí owó ìjọba Ìlà-Oòrùn tó wọ inú African Continental Bank, ó sì sọ pé ìwà rẹ̀ kò dé ibi tó yẹ. Azikiwe pe ìdìbò tuntun ní 1957, ó sì wọlé. Àwọn òǹkọ̀tàn rẹ̀ náà fẹ́ràn ìwọlé yẹn ju ìwádìí tó ṣáájú rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó kọ ìwé kò ṣeé yà kúrò nínú ohun tó wà nínú rẹ̀. Ní oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ 1963, Adájọ́ Ṣódẹ̀ìndé Ṣówẹ̀mímọ̀ dá Awólọ́wọ̀ lẹ́bi ìdìtẹ̀ sí ìjọba, ó sì rán an ní ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Ìwé tí àwọn ènìyàn ń lò jù lórí ẹjọ́ náà, The Trial of Obafemi Awolowo, jáde ní 1966, Lateef Jákàńdè ló sì kọ ọ́: ẹni tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi nínú ọ̀ràn kan náà. Ìwé pàtàkì ni, ẹlẹ́rìí tó wà níbẹ̀ ló kọ ọ́. Ẹ̀rí ló yẹ kí wọ́n pè é, kì í ṣe ìdájọ́. Ní òdì kejì, ọmọ Akíntọ́lá, Victor Ládípọ̀, kọ ìwé nípa bàbá rẹ̀ ní 1982. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni Akínjídé Ọ̀ṣúntókun, onímọ̀ ìtàn ọmọ Òkèmẹ̀sí-Èkìtì, gbé tirẹ̀ jáde lórí Akíntọ́lá, ó sì jẹ́ kí ẹni tí gbogbo ayé ti sọ di ọ̀dàlẹ̀ rojọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ lórí àkọsílẹ̀. Pé ọmọ Èkìtì, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Odùọlá jẹ́ mínísítà ní ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ló ṣe iṣẹ́ náà, yẹ kí òǹkàwé mọ̀ ọ́n. Kò dín iyì ìwé náà kù. Ó kàn ń sọ ibi tí òǹkọ̀wé dúró sí ni.

Lẹ́yìn tí Gowon tú Awólọ́wọ̀ sílẹ̀ ní oṣù Ògún 1966, àpò tó tún tóbi jù bọ́ sí ọwọ́ rẹ̀. Láti 1967 títí di 1971, òun ni kọmíṣọ́nnà ètò ìnáwó ìjọba àpapọ̀ àti igbákejì alága ìgbìmọ̀ aláṣẹ. Ìwé àwọn Yorùbá sọ pé ó bá Nàìjíríà jagun láìyá owó lókè òkun, wọ́n sì máa ń dúró síbẹ̀. Àwọn Ígbò tó ka ìwé kan náà ń wá ọ̀rọ̀ ebi tó pa ọmọdé, pípààrọ̀ owó ní 1968, àti ogún pọ́n-ùn tí wọ́n san fún ẹni tó ní owó ní báńkì láìka iye tó ti fi pamọ́ sí. Nígbà tí Chinua Achebe gbé There Was a Country jáde ní 2012, tó sì dárúkọ Awólọ́wọ̀ nínú ọ̀ràn ebi náà, ariwo tó sọ láàárín àwọn Yorùbá pọ̀ gan-an. Lára ohun tó fa ariwo náà ni pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bínú kò tíì ka ọ̀rọ̀ náà rí nínú ìwé tí ó wà nílé wọn. Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ ti dáhùn ìbéèrè náà ní gbangba ní Abẹ́òkúta nígbà ìpolongo ìbò 1983; ó ní oúnjẹ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ ń bọ́ sí ọwọ́ ọmọ ogun. Ènìyàn lè gba ìdáhùn náà tàbí kí ó kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n báwo ni yóò ṣe gbà á tàbí kọ̀ ọ́ bí ìwé kò bá ti gbé ìbéèrè náà kalẹ̀? Ní Amẹ́ríkà, ó pẹ́ gan-an kí ìtàn ìgbésí-ayé George Washington tó bẹ̀rẹ̀ sí ka àwọn ẹrú tó wà ní Mount Vernon, 317 ní ọdún 1799, mọ́ àwọn ènìyàn inú ìtàn náà. Washington kò kúrò lórí owó wọn nítorí èyí.

Èyí tó kan Adó gbọ̀ngbọ̀n ni ti ọdún 1983, òun sì ni wọ́n fò jù. Akin Ọmọ́bọ́ríowó, ọmọ Ìjerò-Èkìtì, jẹ́ igbákejì gómìnà fún Ajáṣin ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, èyí tí Èkìtì wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà. Ní 1982 ó tẹ ìwé kan jáde lórí èrò Awólọ́wọ̀, ó pè é ní Awoism. Ìwé ọmọ-ẹ̀yìn ni, ìwé ẹni tó jókòó sí ẹsẹ̀ olùkọ́. Kí ọdún tó yípo, lẹ́yìn tó pàdánù tíkẹ́ẹ̀tì gómìnà UPN sọ́wọ́ Ajáṣin, ó ti bọ́ sínú NPN. Ní oṣù Ògún 1983, àjọ elétò ìdìbò kéde pé òun ló wọlé. Iná sọ. Wọ́n jó ilé, wọ́n pa ènìyàn. Ọláìyá Fágbàmígbé, aṣojú-ṣòfin àti òǹtẹ̀wé ní Àkúrẹ́, wà lára àwọn tó kú. Ilé ẹjọ́ dá ipò padà fún Ajáṣin.

Nínú ìwé tí wọ́n kọ lórí Awólọ́wọ̀, 1983 jẹ́ ọdún tí NPN jí ìbò. Òótọ́ wà níbẹ̀, ilé ẹjọ́ sì fìdí ti Oǹdó múlẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n sun nínú ilé wọn, ọwọ́ àwọn tí wọ́n gbà pé àwọn ń gbèjà Awólọ́wọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn kú sí. Ó ṣòro láti rí ìtàn ìgbésí-ayé rẹ̀ kan tó béèrè ohun tí aṣáájú sọ, tàbí tí kò sọ, ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ìwé Ọmọ́bọ́ríowó náà ti di ìwé tí kò sí ẹni tó ń tọ́ka sí: olólùfẹ́ Awólọ́wọ̀ kò fẹ́ orúkọ òǹkọ̀wé rẹ̀, alátakò kò sì fẹ́ àkọlé rẹ̀.

Gbogbo ẹ̀rí kọ́ ló sọnù. Àbájáde ìgbìmọ̀ Coker wà ní títẹ̀. Àwọn fáìlì ìjọba amúnisìn lórí Èkìtì wà ní Ilé Ìṣura Àkọsílẹ̀ ti orílẹ̀-èdè ní Ìbàdàn fún ẹni tó bá fẹ́ jókòó tì wọ́n. Èyí tí kò sí nínú fáìlì ni ohùn àgbẹ̀, tí ìwé ìtàn kì í sábà gbọ́ àfi ìgbà tó bá gbé ìbọn, bí ti Agbẹ́kọ̀yà ní 1968 àti 1969. Ọmọ tó pé ọdún mẹ́fà nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1955 ti lé ní 75 báyìí. Díẹ̀ nínú wọn ṣì ń tajà ní Ọjà Ọba. Wọ́n lè sọ iye tí bàbá wọn gbà lórí àpò kòkó kan, ohun tí agbàkòkó fi sẹ́yìn, àti ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wọ aṣọ ilé-ìwé. Àwọn bàbá náà, tó ru kòkó lọ sídìí òṣùwọ̀n, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí mọ́.